Màmá Atẹ́gùn, Ẹni Tó Ya Àwòrán Gbọ̀ngàn Tí Ẹ Jókòó Sí Yìí

Ọdún 1952 ni wọ́n bí Màmá wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Màmá Atẹ́gùn. Àkọ́bí ni wọ́n. Káfíńtà ni bàbá wọn, fèrèsé kíkàn sì ni iṣẹ́ tó mọ́ ọn lọ́wọ́ jù. Aránṣọ ni ìyá wọn. Láàárọ̀, iwájú ilé ni ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń wà. Bí oòrùn bá yí, Màmá á bá ìyá wọn gbé e lọ sẹ́yìn, níbi tí ibòji bá sún sí. Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ti mọ̀ pé oòrùn ní ọ̀nà tó ń gbà.

Ní 1971, Màmá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Wọ́n gboyè jáde ní 1976, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sì ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Màmá kọjú gbogbo fèrèsé sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá gbàgbé pé ọ̀nà kan náà ni òjò ń gbà bọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ìwé àwọn ọmọ rin gbingbin. Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè wọ́n, ó ní kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Màmá ò wá àwáwí. Wọ́n padà lọ fa etí òrùlé gùn. Láti ìgbà náà làwọn bíríkìlà ti ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé Màmá Atẹ́gùn máa ń dé fìlà bojú.

Kí Màmá tó mú pẹ́ńsùlù rárá, wọn á gbé àpótí lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, wọn á jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn á máa wo ibi tí òjìji ń lọ. Báyìí ni Bàbá wa, tó jẹ́ apòògùn, ṣe bá wọn nínú oòrùn ọ̀sán ní 1979. Bàbá rò pé ṣe ni wọ́n lé Màmá jáde nílé. Bàbá bu omi tutù wá, ó ní, "Arábìnrin, ẹ lọ bẹ ẹni tó ń bínú sí yín." Màmá gba omi, wọ́n ní kí Bàbá jọ̀ọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dí atẹ́gùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Nínú ìjọ, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìjókòó Màmá. Bí ẹnikẹ́ni bá tì í, kódà láàárín àdúrà, Màmá á dìde lọ ṣí i, wọn á sì padà wá ṣe àmín.

Gbọ̀ngàn àdúgbò yìí ni iṣẹ́ ìkẹyìn wọn. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbi ìpìlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù ògiri rẹ̀. Omi òjò orí òrùlé ń lọ sínú táńkì tó wà lẹ́yìn. Àwọn ihò òkè lọ́hùn-ún ni ooru ń gbà jáde, igi ńlá ẹ̀gbẹ́ ilé sì ń gba oòrùn ọ̀sán sára. Igi yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ àdúgbò fẹ́ gé e kí ibi ìgbọ́kọ̀sí lè fẹ̀, kí wọ́n dí àwọn ihò náà, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọlé. Màmá fárígá. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò: igi á dúró títí gbọ̀ngàn á fi kún lẹ́ẹ̀kan, bí ooru bá mú àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gé e.

Àìsàn dé kí gbọ̀ngàn tó ṣí. Nígbà tí Màmá rí i pé àwọn ò ní dìde mọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìsìnkú mi ló máa kún un." Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni ká ṣe é, ká má gbé fáànù kankan wọlé, ká sì tẹ ìtàn yìí sórí páálí líle, kí ẹni tí ooru bá mú lè rí nǹkan fi fẹ́ra. Màmá ò fẹ́ràn màgòmágó.

Màmá fi ọkọ rere sílẹ̀ lọ, àti ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin tó jẹ́ bíríkìlà, àti àbígbẹ̀yìn, tó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù, tí Màmá máa ń pè ní ọ̀tá ilé, síbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ni wọ́n kẹ́ jù. Àwọn ọmọ-ọmọ náà pọ̀. Bí ẹ bá wo ìta, ẹ ó rí wọn lórí igi ọ̀hún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ikú Màmá dùn wá dé egungun. Ẹ ti kàwé yìí dé ìparí báyìí. Ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ẹ ò bá tíì fi páálí yìí fẹ́ra, ẹ bá wa sọ fún Alága. Ìlà iwájú ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ sùn re o, Màmá Atẹ́gùn. A ò ní ti fèrèsé.