Bàbá Jẹ́ẹ́, Ẹni Tó Kọ̀ Láti De Bálánsà Tí Kò Bá Ẹ́ńjìnnì Mu

A bí Bàbá, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Jẹ́ẹ́, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1952, nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kí ó máa tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe; aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Ó pé ọdún mọ́kànlá kí ìyá rẹ̀ tó tún bí ọkùnrin kan lé e, àwọn méjì péré náà sì ni. Àwa ẹbí rẹ̀ kò ní kọ ọ́ síbí pé ìdílé ńlá ni wọ́n. Ìdílé tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, ó sì jáde ní 1964. Ìṣirò ni ó mọ̀ jù. Kò rí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wọ̀ mọ́, nítorí pé irin já lu ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún náà. Ní 1966, ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá yìí kì í kọ́ni. Èébú ló máa ń bú ni. Ojú ni Bàbá fi jí iṣẹ́ náà kọ́ fún ọdún méje gbáko.

Ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1975. Bí ó bá parí ẹ́ńjìnnì kan, yóò bu omi kún ife dé ẹnu, yóò gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì náà, yóò sì tan án. Bí omi bá dà sílẹ̀, ọkọ̀ kò ní jáde lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Jẹ́ẹ́. Oníbàárà kan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ ni mo gbé wá, n ò gbé omi wá." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ jókòó. Omi ló máa sọ fún wa bóyá ọkọ̀ ni."

Ní ọdún 1978, ó fẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní òdìkejì títì. Obìnrin náà kò kàwé jìnnà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà ara irin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá dá ọjà kan náà padà fún un. Obìnrin náà ní, "Ṣé ọjà lẹ ń dá padà ni, àbí ojú mi lẹ ń wá wò?" Bàbá ní, "Méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ọjà yìí ò dáa." Wọ́n jọ gbé fún ọdún márùndínláàádọ́ta.

Ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí nílé ìjọsìn, kò sì pa ọjọ́ ìsinmi kan jẹ. Láti 1989 títí tó fi kú, òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi àdúgbò ṣe. Ó kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ìparí títì kan náà ní 1996.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé àṣìṣe ọwọ́ Bàbá ló pa Bàbá. Nítorí náà, a ó kọ bí ó ṣe rí.

Lọ́yà kan wà tó jogún ọkọ̀ ayé àtijọ́, èyí tí imú rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára bí ẹranko. Bàbá ló tún ẹ́ńjìnnì náà tò ní 2015. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, rọ́bà inú bálánsà rẹ̀ gbó. Bálánsà ni irin róbótó tí wọ́n ń dè níwájú ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹnu kíráńkì, ìyẹn irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì; òun ló ń gba ìgbọ̀n rẹ̀ mọ́ra. Lọ́yà lọ ra tuntun, ó ń dán yanran. Orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún tí wọ́n ṣe é ló fi rà á.

Bàbá fi aṣọ nu ara ẹ́ńjìnnì, ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó sì gbé bálánsà náà yí lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tó bá a dé ayé. Bàbá tó bí lọ́yà ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú èyí tí bálánsà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹrù, ìyẹn irin kékeré tó wúwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí kíráńkì má baà máa jà. Èyí tí lọ́yà rà kò ní ẹrù kankan. Bàbá ní, "Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ ra bálánsà. Ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ bi. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta, màá wá èyí tó bá a mu."

Lọ́yà ní ọmọ òun ń ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, ọkọ̀ náà ni òun yóò sì fi gbé e lọ. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí."

Bàbá ní, "Bàtà ọmọdé náà lè wọ ọwọ́ yín. Ṣé ẹ lè fi rìn?"

Lọ́yà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìparí títì, sọ́dọ̀ àbúrò. Àbúrò mọ̀ pé kò bá a mu. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń pè é ní àbúrò Bàbá Jẹ́ẹ́, tí kò ní orúkọ mìíràn. Ó fẹ́ parí ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀, kí àdúgbò lè rí i. Ó dè é.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, àbúrò pe Bàbá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ wá wò ó. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe." Bàbá fi oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Lọ́yà wà nídìí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ pa á. Ẹ pa á báyìí." Lọ́yà ní kí òun kọ́kọ́ jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ dáadáa, ó sì tẹ iná mọ́ ọn. Ẹnu kíráńkì kán. Bálánsà fò jáde, ó sì gbá Bàbá láyà. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ó kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Lọ́yà kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí wa. Ó dùn ún kà. Nínú rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé "ẹ̀rọ tí olóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ló ṣekú pa á." Àbúrò gbọ́, kò sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń wá jókòó ní pálọ̀ wa, ó ń mu omi wa.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó Bàbá gbé bálánsà náà ka iwájú àbúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Ọkọ mi ti kú. Wọ́n tún fẹ́ sin orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló de irin yìí?" Àbúrò ní, "Èmi ni, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀ ọ́. Mo mọ̀." Ó sunkún. A ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò kan. Àkọ́bí obìnrin ní kí a yọ àbúrò kúrò. Ìyàwó Bàbá ní ó ti sọ òótọ́, kí ó wà níbẹ̀. Pé a kọ ọ́ síbí kò túmọ̀ sí pé a ti dárí jì í. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ wá lónìí.

Lọ́yà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdágbére lẹ́bàá pósí. A kò fún un láyè. Ó lè jókòó sẹ́yìn bíi gbogbo ènìyàn, kí ó ka ìwé yìí.

Bàbá, ilẹ̀ á tẹ́ yín lára. Ẹ sùn ire. Ọwọ́ yín mọ́.