Gbọ̀ngàn Tí Wọ́n Kọ́ Sórí Ibi Tí Ẹ Ti Ń Sun Ìkòkò

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù tí mo wà. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sáídù àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ ń mọ ìkòkò. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ọmọ ìlú wa lè kà á, torí ojú gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ẹ má bínú pé mi ò tíì béèrè àlàáfíà yín. Inú ló ń bí mi.

Nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ní ẹ ti fi ìkòkò mímọ sílẹ̀. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti ń sun ún lẹ́yìn ilé ìdáná, èéfín ń wọ yàrá aládùúgbò yín, ọmọ rẹ̀ sì ń wúkọ́, ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi tó bá ń ráhùn. Ẹ ti ní kí àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín máa lọ sílé. Bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ tán nílé lẹ ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá béèrè bóyá mo ti jẹun. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Kí ni ẹgbẹ́ yín béèrè lọ́wọ́ ìlú? Òrùlé páànù lásán, kí òjò má baà máa ba ìkòkò tútù jẹ́ kó tó gbẹ. Èmi ni mo gbé e sórí Wasaapu. Èmi ni mo bẹ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó àti Ìlọrin. Níhìn-ín, arúgbó ni mo ń wẹ̀ fún, tí mo ń fún lóúnjẹ. Ìyá òyìnbó kan nínú wọn rí àwòrán àmù yín lórí fóònù mi, ó sì ní òun náà á dá owó sí i. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá wọ́n ti kan òrùlé náà. Mo máa ń sọ fún un pé wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́ ìkówójọ, abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n fi àwọn olówó sí. Ẹ̀yin tí wọ́n torí yín ṣe é, inú oòrùn lẹ wà títí di àsárì, ẹ ń gbé ìkòkò rù lọ kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀. Mo wo fídíò rẹ̀, inú mi sì dùn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìgbà tí owó wọlé ni ìgbìmọ̀ tó kó o jọ ní òrùlé páànù kéré jù, pé gbọ̀ngàn ńlá tí èèyàn á máa rí láti títì ló yẹ kí àwọn kọ́. Ni wọ́n bá ní kí ẹ fi ibi tí ẹ ti ń sun ìkòkò sílẹ̀. Ẹ kọ̀. Èmi, ọmọ yín, ni mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kí ẹ gbà, pé ìdàgbàsókè ni. Ẹ bi mí pé níbo lẹ ó ti máa sun ún, mo ní wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà tó yá ẹ gbà, wọ́n kọ́ ọ tán, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe. Ta ló ń sun ìkòkò nínú gbọ̀ngàn? Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ pé gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Gbogbo wa mọ̀, a dákẹ́, torí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á kọ orúkọ wa sára ògiri.

Mo pe alága ìgbìmọ̀ náà lẹ́yìn tí mo bá yín sọ̀rọ̀ tán. Ó ní tí ẹ bá sun ún nítòsí gbọ̀ngàn, èéfín á ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́, pé àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ti ń gba ibẹ̀. Ó ní tí ọdún bá dé, ẹ lè wá pàtẹ ìkòkò yín síbẹ̀. Mo bi í pé ìkòkò wo. Ó ní kí n má bínú, pé orúkọ mi ló ṣìkẹta lára ògiri, ó sì hàn dáadáa. Sàdáká ni mo ṣe, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó kọ orúkọ mi.

Ìyá mi, ẹ pe àwọn ọmọbìnrin yẹn padà. Ẹ kó igi àti koríko yín jọ síwájú gbọ̀ngàn náà, níbi tí ilẹ̀ ṣẹ́ kù sí, kí ẹ sun ìkòkò yín níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Tí wọ́n bá ní ògiri àwọn ń dúdú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Orúkọ tèmi ni kí èéfín kọ́kọ́ bò.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ìlera, kí iná yín má fọ́ ìkòkò kankan. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ọmọ aládùúgbò wa, ẹ ní kó pẹ̀lẹ́ o, ikọ́ náà á lọ.

Èmi tí mo ní kí ẹ gbà nígbà tí ẹ kọ̀,
ọmọ yín,
Ràfíátù.