Bá Mi Gba Erùpẹ̀ Bàbá Rẹ Padà ní Kàdúná

Ẹ̀yìn Òkè Pátì,
Lọ́kọ́ja.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 1962.

Ọlákúnlé ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ń gbé sínú láti ìgbà Àjíǹde: mo ti lọ́kọ. Pius, bàbá Salome, tí oko wọn bá ti olóògbé bàbá rẹ pààlà, ni mo fẹ́, àlùfáà ló so wá pọ̀, inú mi sì dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lánàá, ọkọ mi sì jẹ ẹ́ tán.

Ó yá, okun o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ akọ̀wé ò rẹ̀ ọ́ jù? Ọlọ́run tó mú odò méjì pàdé nísàlẹ̀ òkè wa láìjà yóò mú ìwọ àti ọ̀gá rẹ rẹ́.

Mi ò lè sọ ti ọkọ láìsọ ti oko. Ajílẹ̀ òyìnbó tí o fi ránṣẹ́ ṣe bẹbẹ lọ́dún kìíní, iṣu wú bí ẹsẹ̀ erin, ṣùgbọ́n kó tó di Kérésìmesì ó ti ń ro omi lábà. Lọ́dún kejì ilẹ̀ bàbá rẹ le bí àpáta. Mi ò kọ ọ́ sí ọ, nítorí inú rere lo fi rà á.

Bàbá Salome ló pe gbogbo àwa tí oko wa wà níbẹ̀ jọ, wọ́n ní ilẹ̀ ẹnìkan ò lè sàn kí ti aládùúgbò rẹ̀ máa ṣàìsàn, ká máa ṣe ọ̀wẹ̀ láti oko dé oko. A ò sungbó mọ́. A gbin ẹ̀wà sáàárín iṣu, a fi koríko bo ebè, a bẹ àwọn Fúlàní kí màlúù wọn máa sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Oko tiwa la fi bẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ ewúrẹ́ sì ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí Bàbá Salome gbé wá fún mi. Kàrímọ́tù aládùúgbò wa ní òun ti rí ẹni tó fi aṣọ tọrọ ìyàwó, òun ò rí ẹni tó fi ìgbẹ́ tọrọ rí. Mo ní aṣọ kì í mú kí iṣu ta. Ọmọ mi, iṣu èṣí ṣì wà lábà, ó le gbagidi, tuntun sì ti dé bá a. Àràárọ̀ ni mo ń lọ fọwọ́ kàn án kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ bu erùpẹ̀ rẹ̀ sínú agolo, ó ní wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní Kàdúná yín níbẹ̀. Mo ní kó dá a padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ò tíì rí i. Lọ bá wọn, sọ pé ara ti yá nílé, kí wọ́n dá a sílẹ̀. Mo kàwé, mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn kì í dá ẹni tára rẹ̀ ti yá dúró. Bí wọ́n bá ní ó jẹ oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn, bá mi san án, kí o sì fi owó iyọ̀ àti epo ránṣẹ́ fún ọ̀wẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àwọn òbí mi ò sí láyé mọ́, Bàbá Salome wá ní ìwọ ni àna àwọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń dáná, ilé bàbá rẹ ni mo ṣì ń sùn, torí wọ́n ní ọkùnrin tí kò tíì kọ ebè fún àna kò tíì gbé ìyàwó. Gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ wa ni yóò bá wọn wá kọ ebè lórí ilẹ̀ bàbá rẹ. Kí ìwọ dúró lórí ààlà, kí o fi ọwọ́ ara rẹ da erùpẹ̀ inú agolo yẹn sórí ebè àkọ́kọ́. Bí o bá dúró níbẹ̀, gbogbo abúlé á mọ̀ pé o gbà. Bí ààlà bá ṣófo, ẹnikẹ́ni ò ní bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹrù mi ò ní kúrò nílé.

Mo ti sọ ọ́ tán, ara mi fúyẹ́. Kí lọ́rì má bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́nà. Kí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ máa mú irè jáde.

Èmi ni ìyá rẹ, Adéòkè, ìyàwó tuntun.

Ìwọ, Bridget ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ, àti agolo: Sátidé, ogúnjọ́ Oṣù Kẹwàá.