Egbò Ìdí Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì yí Ìyá mi padà lónìí, a sì rí egbò ní ìdí wọn. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù l'Ókìtìpupa yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sùn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kò lè yíra padà, pàápàá àgbàlagbà tó ti rù. Ẹ máa bá wa yí wọn lóòrèkóòrè."

Ìyá mi tí kì í jókòó! Ní Erinje, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń rin gbágùúdá lẹ́yìn ilé. Ìgbà yẹn...

Mo rọra yí wọn sí ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe ń yí ìwọ náà nìyẹn lọ́mọ ọwọ́. O kì í sùn tí mi ò bá kọrin."

Mo kọrin títí wọ́n fi sùn.