Èmi ni mo ń fún network ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ara mi ti kú.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta internet ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń gba oníbàárà tuntun wọlé sórí mast, èmi náà ni mo ń pín bí network kálukú ṣe máa yá tó. Mast wa tó wà ní Agége ti kún. Tá a bá tún gba ẹnì kan sí i, lára tàwọn tó wà níbẹ̀ la ti máa bù fún un... kọ̀ǹpútà gan-an máa ń kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Agége yẹn, wá ní àwọn fẹ́ internet. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí màmá wa kú o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tí wọ́n á máa jókòó nílé dá àwọn oníbàárà òyìnbó lóhùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé kò sí àyè? Mo fipá gbà wọ́n wọlé, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí.

Kò pẹ́ táwọn tó kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀gá mi ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Bá a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá pariwo la máa ń fún, ẹni tó bá dákẹ́ la máa ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pariwo. Mo gé tiwọn, mo tún gé e... Ohùn wọn wá ń já lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rò pé laptop ni, wọ́n lọ ra òmíràn ní Computer Village. Ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ pé tó bá tún já, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ṣé kí n ní kí wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ míì? Wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Ṣé kí n dá tiwọn padà? Àwọn aláriwo á tún dìde, iṣẹ́ tèmi náà lè lọ. Mi ò sunkún, mò ń jẹun, mò ń sùn... kí ló ń ṣe mí gan-an?

Láàárọ̀ yìí wọ́n kọ̀wé sí customer care, torí wọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mò ń dáhùn níbẹ̀. Mo fi èsì tá a máa ń fún gbogbo èèyàn ránṣẹ́, pé kí wọ́n pa router, kí wọ́n tún un tàn. Mo jókòó, mò ń wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó kú. Ó tún tàn. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn dúpẹ́, Ọlọ́run á bù kún mi.

Mi ò tíì fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ sí wọn?