Owó Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kí N Dúpẹ́ Lé Lórí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè-Ọjà,
Igbara-Odò-Èkìtì.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Dáraọlá, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Bàbá Iyìolúwa ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Àlàáfíà la wà níbí, àmọ́ inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ẹ rántí pé ọkọ̀ kòkó takìtì sí kòtò ọ̀nà oko wa lóṣù Kẹjọ, tí ẹsẹ̀ Bàbá Fáníyì, àbúrò ìyá wa, sì kán. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó àtúnṣe ọ̀nà wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní èmi tíṣà ni kí n ka ìwé ìdúpẹ́.

Alága wọn fẹnu ara rẹ̀ ka ìpín. Nínú ọgọ́rùn-ún àpò kòkó tó ń jáde lágbègbè yìí, ogójì ló ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó ọ̀nà, mẹ́rin péré ló kàn wá! Apá ibi tí alága ti wá, tí kòkó wọn kò pé àpò mẹ́wàá, gba ọgbọ̀n. Mi ò ní kí ìlú tó kúṣẹ̀ẹ́ má rí gbà o, ṣùgbọ́n ọ̀dà ti wà lọ́nà tiwọn! Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwa ń làágùn, gbogbo ayé ló ń rí i.

Bàbá Fáníyì fi ọ̀pá dìde. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, nínú náírà mẹ́rin yìí, èló ni ti ẹsẹ̀ mi?"

Alága rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Bàbá, ẹ máa dúpẹ́. Àwọn mìíràn ò rí nǹkan kan."

Ni wọ́n bá pè mí. Mo ká ìwé ìdúpẹ́ sápò. Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Ẹ dá bàbá yẹn lóhùn." Ariwo sọ ní gbọ̀ngàn. Alága gbé fìlà, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lánàá, ọ̀gá ilé-ìwé fún mi ní kúẹ́rì, ìwé pé kí n wí tẹnu mi, pé mo dójú ti àlejò, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá wa sunkún, wọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Mi ò lọ. Mo kọ èsì kúẹ́rì náà ní ìlà kan: "Ẹ fi ọkọ̀ yín gba ọ̀nà náà, ẹ óò rí ìdí."

Láàárọ̀ yìí, àgbẹ̀ mẹ́tàdínlógún ti dúró sẹ́nu géètì ilé-ìwé kí n tó dé. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kúẹ́rì náà, wọ́n ní èsì tí mo mú lọ́wọ́ kì í ṣe tèmi nìkan. Àwọn tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, àwọn yòókù tẹ̀ka.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ulé.

Èmi àbúrò yín tí inú ṣì ń bí,
Ìbùkúnolúwa Ládélé