Ọjọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rán Mi Níṣẹ́

                                        14 Ashcombe Gardens,
                                        Peckham,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ó yẹ kí n pè yín ni, ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ ohùn yín, mi ò ní lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí mo ń kọ́ ni, mo sì ti ya lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ.

Àsàlámù aleekum. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ẹ ti lè fi kírun dáadáa? Bàbá Làtíìfù ńkọ́? Ṣé Làtíìfù ti dáwọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá dúró nínú pálọ̀? Ẹ kú òjò Ìwó o. Màámi ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Catford, wọ́n ń kí yín.

Ilẹ̀ Faransé ni mo ti dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ní yunifásítì la wọ mọ́tò lọ: Agnes, àti Shiloh, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nunhead. Abúlé dé abúlé la ń lọ, inú àgọ́ aláṣọ la sì ń sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Shiloh ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan lọ́la, a máa sinmi ni. Àǹtí mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó jí, mo ti fọ abọ́, mo ti gbá iwájú àgọ́ bí ẹni ń gbá àgbàlá yín, mo sì ti ń tú okùn àgọ́ nígbà tí Agnes ké láti inú rẹ̀ pé òun ṣì wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó tó ni pápá tí a pàgọ́ sí gbé agbọ̀n èso kan bọ̀. Èso náà jọ ìyeyè, àmọ́ awọ rẹ̀ dúdú. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò jẹ́ kí n jókòó rí tí àgbàlagbà bá ń gbẹ́rù kọjá. Mo sáré, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di agbọ̀n náà mú. Wọ́n fà á padà. Mo rò pé wọ́n kàn ń ṣe bíi tàwọn àgbà wa ni, tí wọ́n á kọ́kọ́ ní rárá, ni mo bá tún fà á. Gbogbo èso dà sílẹ̀.

Shiloh ní, "Rahmah, ṣé ìyá onílẹ̀ lo wá ń jà lólè ní gbangba báyìí?"

Agnes, tó gbọ́ Faransé díẹ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n, ó sì sọ èsì wọn fún mi: "Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ò bá lè gbé e mọ́, àwọn á pè ẹ́. Kí o lọ jókòó."

Ìyá náà gbé àga méjì sábẹ́ igi, wọ́n jókòó sórí ọ̀kan, wọ́n nàka sí èkejì. Ibẹ̀ la wà tí a ń jẹ èso, tí a ń wo màlúù. Mi ò gbédè wọn, wọn ò gbédè mi. Gbogbo ara mi ń retí kí wọ́n rán mi níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Nígbà tó yá, ara mi rọlẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó. Ẹkún gbà mí. Ìyá náà tún na èso kan sí mi.

Mo yege nínú ìdánwò, bí màámi ṣe sọ fún yín. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé mi ò rí oorun sùn, àyà mi sì máa ń já tí mo bá ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Olùkọ́ tó ń mójú tó mi ní mo lè dá ẹ̀kọ́ náà dúró fún ọdún kan, kí n sì padà wá bá àyè mi. Kí ilé ìwé tó wọlé ni kí n fèsì. Mo fẹ́ dá a dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ọ̀lẹ ni mí, nítorí mi ò rí i kí màámi sinmi rí. Ṣùgbọ́n mo rò ó lábẹ́ igi yẹn, mo tún rò ó nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa padà, ibì kan náà ló ń já sí.

Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí màámi bá tibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n sì ti sùn díẹ̀, màá sọ fún wọn. Ẹ bá mi ṣe àdúà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yìí pamọ́. Ìyá Àmírà tó bá mi mú un wá rò pé ìkíni lásán ni. Tí màámi bá pè yín kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè mí ní Dókítà, lọ́jọ́ tí mo ń wọ bàálù wá síbí, ẹnu yín ni gbogbo ilé ti gbà á. Tí ẹ bá máa dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi ni kí ẹ pè.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ tọ́,
Rahmah